Ilẹ̀ etí odò tí iṣẹ́ ti bà jẹ́, tí a fẹ́ sọ di pápá àti ibi ẹ̀kọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́

Ní ìlú wa, bí ibi iṣẹ́ àtijọ́ bá kógbá kúrò létí odò, ilẹ̀ náà kì í ṣófo pẹ́. Àwọn ọmọdé á sọ ọ́ di pápá bọ́ọ̀lù, ẹnìkan á gbin ẹ̀fọ́ sí apá ibi tí omi ti ń rin ín, bó bá sì yá, àdúgbò á ní ibẹ̀ ni kí a kọ́ ilé ìkàwé sí. Èrò rere ni. Ìbéèrè tí àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, àwọn olùkọ́ àti àwọn mọ́gàjí máa ń ní nípa irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ la kó jọ síbí. A dáhùn wọn bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ gan-an, nítorí pé ara àwọn ọmọdé ni àṣìṣe rẹ̀ ti máa ń kọ́kọ́ hàn.

Irú ilẹ̀ wo gan-an lẹ ń pè ní ilẹ̀ tó ti gba oró?

Ilẹ̀ tí iṣẹ́ kan ti fi nǹkan olóró sílẹ̀ sínú rẹ̀, yálà ojú rí i tàbí kò rí i. Kò dìgbà tó bá jẹ́ iléeṣẹ́ ńlá. Ọgbà mẹkáníìkì tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì kọndẹ́ẹ̀mù sílẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣáàjì bátìrì tí wọ́n sì ń fọ́ ògbólógbòó rẹ̀ yọ òjé, ilé ìlagi tí wọ́n ti ń ri pákó bọ oògùn ikán, ilé epo tí táǹkì abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ jò: gbogbo wọn ló wà níbẹ̀.

Oró wọn kò rí bákan náà, ohun tí a ó ṣe sí wọn kò sì lè rí bákan náà. Omi ẹ̀gẹ́ láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí máa ń pa koríko àti ẹja, àmọ́ oòrùn, afẹ́fẹ́ àti àkókò máa ń tú oró sáyánáìdì inú rẹ̀ ká. Dísẹ́ẹ̀lì náà, àwọn kòkòrò tíntìntín inú ilẹ̀ lè jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ bí a bá ràn wọ́n lọ́wọ́. Òjé kì í jẹrà. Èyí tó balẹ̀ lọ́dún 1975 ṣì wà níbẹ̀ lónìí bí ẹnikẹ́ni kò bá kó o kúrò.

Kí ló mú etí odò le ju orí òkè lọ?

Omi ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ lè gbẹ́ ilẹ̀ náà tó mítà méjì kí ẹ má kan omi. Tó bá di oṣù Kẹsàn-án, omi abẹ́ ilẹ̀ yẹn kan náà lè gòkè dé ibi tí ṣọ́bìrì kan ṣoṣo á ti kàn án, yóò sì máa ṣan ohun tí wọ́n dà síbẹ̀ lọ sínú odò àti sínú kànga àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ìkún omi tún wà níbẹ̀. Ìbàdàn rí i ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980 nígbà tí odò Ògùnpa ya, ó tún rí i ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011. Bí irú omi bẹ́ẹ̀ bá gba orí ilẹ̀ olóró tí a kò bò kọjá, gbogbo ìsàlẹ̀ odò ló máa pín nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó ya àwòrán ilé kankan, ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì ètò ìlú nípa bí òfin ṣe ní kí ilé jìnnà sí odò tó. Apá tó bá kù sí ẹ̀gbẹ́ omi, igi àti koríko ni kí ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Báwo la ṣe lè mọ̀ kí a tó náwó sí láàbù?

Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn tó ń ta oúnjẹ fún wọn, ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà náà lóru. Ẹ má bi wọ́n pé “Ṣé ilẹ̀ yìí léwu?” nítorí “rárá” lẹ ó gbọ́. Ẹ bi wọ́n pé: bàbá, níbo lẹ ń da ọ́ìlì sí? Níbo lẹ ti ń yọ́ òjé? Apá ibo ni koríko kì í hù? Kòtò wo ni wọ́n fi ìdọ̀tí dí? Kí ẹnìkan máa yà á sórí ìwé bí wọ́n ti ń nawọ́ sí i. Máàpù àfọwọ́yà yìí ni yóò sọ ibi tí ẹ ó ti bu erùpẹ̀, kò sì sí ohun tó ń dín owó láàbù kù tó o.

Lẹ́yìn náà kí ẹ rìn ín, pẹ̀lú bàtà òjò lẹ́sẹ̀. Ibi tí wọ́n ti fọ́ bátìrì máa ń ní èérún dúdú líle bí èérún àwo, àti òkúta aláwọ̀ eérú kan tó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ. Bí ẹ bá fi ìbọ̀wọ́ gbé èyí tó tó ẹyin adìyẹ, ọwọ́ yín á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kì í ṣe òkúta lásán. Ìdàrọ́ òjé nìyẹn. Irú rẹ̀ ni wọ́n kó dà sí Olódó ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá, níhìn-ín ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, láti iṣẹ́ bátìrì. Ilẹ̀ ọ́ìlì ní tirẹ̀ máa ń dúdú, ó máa ń lẹ̀ mọ́ bàtà, omi òjò kì í sì wọ inú rẹ̀: á ṣù sórí rẹ̀ roboto bí omi orí ewé kókò.

Ẹnìkan lè rí ohun tó ń dán bí òṣùmàrè lójú omi, kó pariwo pé epo ni. Ẹ mú igi tín-ín-rín kan, kí ẹ fi gún ojú omi náà. Bó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí èèpo ẹyin, tí àwọn èérún náà kò sì so pọ̀ mọ́, irin inú ilẹ̀ àti kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ ló fà á, kò léwu. Bó bá yà fún igi náà tó sì tún padà pàdé, epo ni.

Báwo ni a ṣe ń bu erùpẹ̀ fún àyẹ̀wò?

Ibí yìí ni owó púpọ̀ ti ń ṣègbé, nítorí pé bí ẹni tó bu ú bá ṣe àṣìṣe, láàbù tó dára jù láyé kò lè tún un ṣe. Ẹ jẹ́ ká fi ilẹ̀ pọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ fi okùn àti èèkàn pín in sí ẹsẹ̀ bàtà 20 níbùú lóròó. Igun 18 lẹ ó rí, ìyẹn ni pé apá onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan là ń pè ní igun níbí. Ẹ kọ nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí máàpù. Bí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ bá bá yín fi ẹ̀rọ mú ibẹ̀, ó dára jù. Ọ̀yọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ wà kò jìnnà.

Nínú igun kọ̀ọ̀kan, ẹ bu láti ojú márùn-ún, orígun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àárín, kí ẹ pò ó pọ̀ nínú abọ́ ike tó mọ́, kí ẹ sì mú ìdajì kílò nínú rẹ̀ sínú ọ̀rá tuntun. Ẹ kọ́kọ́ bu ojú ilẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 0 sí 5, torí pé òun ni ọwọ́ ọmọdé ń kàn. Lẹ́yìn náà 5 sí 30. Níbi tí máàpù àwọn àgbà ti tọ́ka sí wàhálà, ẹ bu 30 sí 60 àti 60 sí 100. Ẹ fọ ṣọ́bìrì kékeré náà pẹ̀lú ọṣẹ àti omi mímọ́ láti igun kan sí èkejì. Tí ẹ kò bá fọ̀ ọ́, igun tó burú á ba èsì igun márùn-ún tó tẹ̀ lé e jẹ́, ẹ ó wá máa gbẹ́ ilẹ̀ tí kò ní nǹkan kan.

Èyí tó jẹ́ ti bẹntiróòlù tàbí dísẹ́ẹ̀lì yàtọ̀. Ẹ má pò ó, nítorí bí ẹ ti ń pò ó ni òórùn rẹ̀ ń fò lọ. Inú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò ni kí ẹ kì í sí, kó kún dé ẹnu, kí ẹ dé e pinpin, kí ẹ fi sínú kúlà oníyìnyín, kó sì dé láàbù lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ bu igun kan nínú mẹ́wàá, kí ẹ fún un ní nọ́ńbà ọ̀tọ̀ láìsọ fún láàbù. Bí èsì méjèèjì bá jìn síra, nǹkan kan kò dára níbi bíbù tàbí níbi àyẹ̀wò. Ẹ tún bu mẹ́ta láti ilẹ̀ tí kò sí iṣẹ́ rí, lápá òkè odò, kí ẹ lè mọ bí ilẹ̀ àdúgbò yín ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Kí ni kí a ní kí láàbù wá, èsì wo ló sì burú?

Ẹ ṣe é bí ìtàn ilẹ̀ náà bá ṣe rí. Bátìrì: òjé, kádímíọ̀mù, àti bí ilẹ̀ ṣe kan tó (pH). Mẹkáníìkì: epo inú ilẹ̀, òjé, síǹkì. Ilé ìlagi: ásẹ́níìkì, kúrómíọ̀mù, bàbà, pẹ̀lú ọ̀dà bí wọ́n bá ti lò ó rí. Ẹ lè béèrè ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó bá a mu ní yunifásítì LAUTECH bóyá wọ́n ní ẹ̀rọ XRF tí a ń fọwọ́ gbé, èyí tó lè ka òjé lójú ilẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ ó fi mọ ibi tó le jù, kí ẹ tó wá fi owó ránṣẹ́ sí láàbù fún ìwọ̀nba díẹ̀.

Ilẹ̀ tí iṣẹ́ kankan kò kàn kì í sábà ní òjé tó ju mílígíráàmù 50 lọ nínú kílò erùpẹ̀ kan. Amẹ́ríkà lo 400 fún ìgbà pípẹ́ gẹ́gẹ́ bí ààlà fún ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré. Ní oṣù Kìíní 2024 wọ́n fa ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣàyẹ̀wò ilẹ̀ ibùgbé sí 200. Fún ilé ẹ̀kọ́ àti pápá ọmọdé, 200 ni àwa máa dúró lé. Ìdí ni pé àwọn tó ń ṣírò ewu ti máa ń fi í sí pé ọmọ kékeré lè gbé tó mílígíráàmù 200 erùpẹ̀ àti eruku mì lójoojúmọ́, láti orí ìka àti ohun ìṣeré nìkan. Ọmọ tó ń jẹ ilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má gba “ó dára” tàbí “kò dára” lẹ́nu láàbù. Nọ́ńbà ni kí ẹ gbà, igun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sórí máàpù yín. Ìpíndọ́gba kò wúlò níbí: igun 17 nínú 18 lè mọ́ tónítóní kí ẹyọ kan tó kù ní òjé 6,000.

Ṣé a kò kàn lè ra erùpẹ̀ pupa dà lé e lórí?

Ẹ lè ṣe é, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ fún òjé bí ẹ bá ṣe é bó ṣe yẹ. Ohun tí à ń wá ni pé kí ọwọ́, ẹnu àti eruku má kan ilẹ̀ ìsàlẹ̀ mọ́. Fún bẹntiróòlù, ìbòrí nìkan kò tó, torí òórùn rẹ̀ á gba inú erùpẹ̀ jáde, omi abẹ́ ilẹ̀ á sì máa gbé e lọ.

Bí a ṣe ń tò ó nìyí. Ẹ tẹ́ ojú ilẹ̀ kó dá gẹ́rẹ́, sẹ̀ǹtímítà 2 nínú mítà kan, kí omi lè máa ṣàn síbi tí ẹ fẹ́. Ẹ tẹ́ àwọ̀n ike aláwọ̀ ọsàn sí gbogbo ojú rẹ̀, kí etí wọn gun ara wọn ní sẹ̀ǹtímítà 30. Àwọ̀n yìí kò dá oró dúró. Ẹni tó bá gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún ló ń kìlọ̀ fún pé kó dúró. Ẹ da erùpẹ̀ pupa lé e, sẹ̀ǹtímítà 15 lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tún da 15 mìíràn, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Lórí rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 30 ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá, lẹ́yìn náà koríko bàhámà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 60. Ibi tí ẹ bá fẹ́ dà ní kọnkéré tàbí kí ẹ fi íńtálọ́ọ̀kì sí kò nílò tó bẹ́ẹ̀.

Fún pọ́ọ̀tì kan, sẹ̀ǹtímítà 60 yẹn jẹ́ kúbíìkì mítà 400 lẹ́yìn títẹ̀, èyí tó ń lọ sí bíi 500 nígbà tó ṣì tú sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Bí típà kan bá ń gbé kúbíìkì mítà 10, ìrìn 50 nìyẹn. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó ṣèlérí fún àdúgbò.

Ohun tó máa ń bàjẹ́: àkọ́kọ́, erùpẹ̀ tí wọ́n rà láì yẹ̀ ẹ́ wò, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ títì tàbí ọgbà mẹkáníìkì mìíràn ni oní-típà ti gbé e wá. Ẹ lọ wo ibi tó ti ń gbẹ́ ẹ, kí ẹ sì bu díẹ̀ fún láàbù kí ìrìn kejì tó wọlé. Èkejì, òjò àkọ́rọ̀ tó bá ìbòrí náà kí koríko tó mú, tó sì kó o lọ. Ẹ̀kẹta, etí tó kọjú sí odò: bó bá dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ ju mítà kan sísàlẹ̀ fún mítà mẹ́ta síwájú lọ, yóò ya. Ẹ fi òkúta ńlá sí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ gbin koríko vetiver sí orí rẹ̀ ní ìlà tó dábùú, sẹ̀ǹtímítà 15 láàárín ìdí kan sí èkejì. Gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ tààrà sísàlẹ̀, ewúrẹ́ kì í sì fẹ́ràn rẹ̀ bó bá ti gbó.

Ìgbà wo ló yẹ kí a gbẹ́ ẹ kúrò pátápátá?

Níbi tí nọ́ńbà bá ti ga jù, tí àyè rẹ̀ kò sì tóbi: ibi ìyọ́-òjé, kòtò ọ́ìlì, abẹ́ táǹkì. Bí ẹ bá ní kí ẹ gbẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 kúrò lórí odindi pọ́ọ̀tì, kúbíìkì mítà 200 ni, tó máa wú di bíi 250 bó bá tú, ìrìn típà 25. Níbo ni ọkọ̀ 25 náà ń lọ? Ìbéèrè tí púpọ̀ kì í béèrè nìyí. Tí ẹ kò bá ní ìdáhùn tí iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí àyíká fọwọ́ sí ní ìwé, ẹ má gbẹ́ ẹ. Oní-típà á da á sí ọ̀nà oko ẹlòmíràn, ọmọ tiwọn á sì máa ṣeré lórí rẹ̀.

Ilẹ̀ ọ́ìlì ńkọ́? Ṣé òótọ́ ni pé ìgbẹ́ adìyẹ ń wò ó?

Òótọ́ ni, fún epo. Kòkòrò inú ilẹ̀ ló ń jẹ epo, àmọ́ ebi náítírójìn àti fọsífọ́rọ́ọ̀sì máa ń pa wọ́n, ìgbẹ́ adìyẹ sì ní méjèèjì. Ìṣirò tí à ń tẹ̀ lé ni kábọ́ọ̀nù 100 sí náítírójìn 10 sí fọsífọ́rọ́ọ̀sì 1.

Ẹ tẹ́ tàpólìnì tó nípọn, kí ẹ mọ etí rẹ̀ sókè kí omi má ṣàn jáde. Ẹ kó ilẹ̀ náà lé e ní òkìtì gígùn, tí kò ga ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ. Bó bá ga jù, afẹ́fẹ́ kò ní dé inú. Ẹ fi ìgbẹ́ adìyẹ tó ti gbẹ àti ìyẹ̀fun pákó díẹ̀ pò ó, kó lè fúyẹ́. Ẹ fún un lómi títí ìkúnwọ́ rẹ̀ á fi rí bí aṣọ tí a fún, tó tutù tí kò sì kán. Ẹ máa yí i padà lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ẹ bò ó nígbà òjò. Dísẹ́ẹ̀lì lè dín kù gan-an láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó wúwo. Bó bá ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, afẹ́fẹ́ kò tó, ẹ yí i.

Ọ́ìlì kọndẹ́ẹ̀mù máa ń gbé irin dání pẹ̀lú. Bí epo bá tán, ẹ tún yẹ òjé rẹ̀ wò kí ẹ tó dá a padà sílẹ̀.

Wọ́n ní àwọn ewéko kan lè fa òjé jáde. Ṣé kí a gbìn wọ́n?

Ẹ gbìn wọ́n fún ẹwà. Òjé kì í rìn púpọ̀ láti ilẹ̀ lọ sínú ewé, bí a bá sì fi irè oko kọ̀ọ̀kan ṣírò rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò gbà, ó lè kọjá ọjọ́ ayé àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ibi tí ewéko ti wúlò lóòótọ́ ni kí gbòǹgbò wọn di ilẹ̀ mú kí eruku má fò.

Ṣé a lè kọ́ ilé ẹ̀kọ́ síbẹ̀?

A lè, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ti Love Canal. Ní Niagara Falls ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ kẹ́míkà kan da ìdọ̀tí rẹ̀ sínú ògbólógbòó kànáálì kan, wọ́n sì fi amọ̀ bò ó. Ní 1953 wọ́n ta ilẹ̀ náà fún ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní dọ́là kan ṣoṣo. Ìwé títà náà mẹ́nu ba ìdọ̀tí kẹ́míkà. Wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n la títì, wọ́n gbẹ́ gọ́tà, amọ̀ náà ya. Ní 1978 wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìdílé kúrò níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá fẹ́ fi ilẹ̀ iléeṣẹ́ ta ilé ẹ̀kọ́ yín lọ́rẹ, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì ní kó fi èsì àyẹ̀wò tì í.

Èsì yẹn ni yóò pín ilẹ̀ náà, kí ayàwòrán ilé tó dé. Igun tó le jù, ẹ gbé ibi ìgbọ́kọ̀sí tàbí pápá básíkẹ́ẹ̀tì oníkọnkéré lé e. Igun tó mọ́ jù ni ti jẹ́lé-ó-sinmi àti ọgbà ẹ̀kọ́. Ilé ìkàwé àti gbọ̀ngàn lè wà láàárín.

Bí epo bẹntiróòlù bá ti wà nílẹ̀ náà rí, òórùn rẹ̀ lè gba abẹ́ ilé wọlé. Lábẹ́ kọnkéré ilẹ̀ ilé, ẹ tẹ́ gránáìtì tí a fọ̀, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, kí ẹ tẹ́ páìpù PVC íǹṣì 4 tí a lu ihò sí lára sínú rẹ̀, kí ẹ sì gbé orí páìpù náà gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ sókè kọjá òrùlé. Ẹ tẹ́ ọ̀rá nínípọn lé gránáìtì náà, kí etí rẹ̀ gun ara wọn ní sẹ̀ǹtímítà 30, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, kí ẹ tó da kọnkéré. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fi ẹsẹ̀ àti irin lu ọ̀rá yìí. Kí ẹnìkan dúró tì wọ́n lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ má gbẹ́ sókàwéè sínú ilẹ̀ olóró. Omi tó ń wọlẹ̀ níbẹ̀ á máa ti oró náà sísàlẹ̀ lọ sínú omi abẹ́ ilẹ̀. Gọ́tà oníkọnkéré ni kó gbé omi òrùlé lọ.

Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ ńkọ́?

Inú ebè tí a fi búlọ́ọ̀kù yí ká, tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30 ó kéré tán, lórí ìbòrí, pẹ̀lú ilẹ̀ tí a ti yẹ̀ wò. Ẹ má lo àlòkù pákó ilé ìlagi ṣe etí rẹ̀. Ewé bíi tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú ló ń gba òjé jù, púpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ eruku àti ẹrẹ̀ tí òjò ta sí wọn lára. Gbòǹgbò bí ọ̀dùnkún àti ẹ̀gẹ́ wà nínú ilẹ̀ gan-an. Tòmátò, ilá àti ata kì í gbé e tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí wọn.

Ṣé omi kànga tó wà nítòsí dára fún mímu?

Ẹ má mu ún kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ààlà òjé nínú omi mímu ní Nàìjíríà jẹ́ mílígíráàmù 0.01 nínú lítà kan, kò sì sí bí ojú tàbí ahọ́n ṣe lè mọ̀ ọ́n. Síse kò lé òjé lọ. Omi ló ń fà gbẹ, òjé á wá nípọn sí i nínú èyí tó kù. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn àti ní oṣù Kẹsàn-án. Ẹ má gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sórí ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀, torí ihò náà lè di ojú ọ̀nà fún oró láti dé omi ìsàlẹ̀ tó ṣì mọ́.

Ìgbà wo nínú ọdún ni kí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?

Òjò ń ṣan erùpẹ̀ lọ sódò, ọyẹ́ sì ń gbé eruku wọ ilé. Àwa fẹ́ràn ìparí oṣù Kẹwàá sí Kọkànlá, nígbà tí òjò ti ń lọ tí ilẹ̀ kò sì tíì gbẹ tán. Bí iṣẹ́ bá wọ inú ọyẹ́, ẹ máa fi omi rin ilẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́ ẹ, kí tàpólìnì bo gbogbo típà tó ń jáde, kí wọ́n sì máa fọ táyà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Kí ni àwọn òṣìṣẹ́ máa wọ̀?

Bàtà òjò, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ìbòmú N95, aṣọ apá gígùn. Ìyẹn kò tó. Ẹ ṣe ibi ìwẹ̀ àti ibi ìpààrọ̀ aṣọ sẹ́nu ọ̀nà, torí òjé tó lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò bàbá ni ìyá ń fọ̀, òun ni ọmọ ń sùn lé. Kò sí jíjẹ, mímu tàbí sìgá láàárín ọgbà iṣẹ́. Bí páànù tàbí sílíìnì asibẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́ bá wà níbẹ̀, ẹ má fi òòlù fọ́ ọ: ẹ fi omi rin ín, kí ẹ tú u ní odindi, kí ẹ fi ọ̀rá méjì wé e.

Àwọn ọmọ wa ti ń ṣeré níbẹ̀ tipẹ́. Kí la máa ṣe?

Ẹ mú wọn lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún òjé, àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2021 pé bí ó bá ti dé máíkírógíráàmù 5 nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan, kí a wá ibi tó ti ń wá kí a sì dá a dúró. Kò sì sí ìwọ̀n tí a mọ̀ pé kò léwu. Òjé kì í fi ara hàn lọ́mọ bí ibà. Inú rírun, àìlèjẹun, ìbínú, àìlè-fọkàn-síwèé: ohun tí òbí lè fi ìyà jẹ ọmọ lé lórí ni.

Ní Zamfara ní 2010, òjé láti inú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú ilé pa ọmọ tó lé ní 400. Ohun tí àwọn tó tọ́jú wọn tẹ̀ lé ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ ha ilẹ̀ agboolé kúrò, kí wọ́n fi ilẹ̀ mímọ́ dípò, kí wọ́n tó fún ọmọ lóògùn, torí ọmọ tó gba oògùn tó sì padà sórí ilẹ̀ kan náà kò rí ìwòsàn. Nítorí náà, lónìí, kí owó kankan tó wọlé, ẹ fi okùn yí ilẹ̀ náà ká, kí ẹ máa fọ ọwọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n tó jẹun, kí ẹ sì máa fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ ilé dípò gbígbá a.

Ta ló yẹ kó fọwọ́ sí i?

Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ Gómìnà, ṣùgbọ́n kò sí bí ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀ láì bá ẹbí tó ni ibẹ̀, mọ́gàjí àti baálẹ̀ sọ̀rọ̀. Òfin àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká wà láti 1992, àjọ NESREA, tó ń rí sí òfin àyíká fún ìjọba àpapọ̀, sì wà láti 2007. Ẹ lọ sí iléeṣẹ́ àyíká ti ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ yín, Àríwá tàbí Gúúsù, kí ẹ tó gbé ṣọ́bìrì. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé oró wà lábẹ́ àwọ̀n, ibi tó wà, àti ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀.

Ṣé ibì kan wà tí wọ́n ti ṣe é tó sì dára?

Ó wà. Ní Seattle ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ gáàsì kan tó wà létí adágún kógbá wọlé ní 1956. Richard Haag ló yàwòrán bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di pápá tí wọ́n ṣí ní 1975. Wọ́n kó àlàpà jọ di òkè, wọ́n bò ó, wọ́n sì jẹ́ kí kòkòrò inú ilẹ̀ jẹ epo. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún náà kò mọ́, wọn kò sì gbà kí ènìyàn wẹ̀ láti etí pápá yẹn. Ní Duisburg ní Jámánì, ibi ìyọ́rin tó tì ní 1985 di pápá ní 1994. Wọ́n kó apá kan nínú ilẹ̀ tó burú sínú àwọn ihò oníkọnkéré àtijọ́, wọ́n dí i pa, wọ́n sì fi ilẹ̀ mímọ́ bo orí wọn. Ibi méjèèjì kò sọ pé gbogbo oró ti tán. Wọ́n mọ ibi tó wà, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ.

Lẹ́yìn tí a bá ti ṣí i, kí ló kù?

Kí ẹni méjì, olùkọ́ kan àti ará àdúgbò kan, máa rin gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo òjò ńlá àti ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á wo ibi tí koríko ti kú, ibi tí omi ti la ojú ọ̀nà, ibi tí eku tàbí ewúrẹ́ ti gbẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé kan pẹ̀lú déètì. Bí ẹ bá rí àwọ̀n ọsàn náà níta, ẹ ti apá ibẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ẹ da ilẹ̀ lé e padà kó pé 60. Lọ́dọọdún, ẹ bu ojú ilẹ̀ láti ibi mẹ́ta tí ọmọdé ń lò jù, àti omi kànga tó sún mọ́ ọn jù lápá ìsàlẹ̀ odò.

Èyí tó sábà ń ba iṣẹ́ tó ti dára jẹ́ ni òpó iná, páìpù omi tàbí ilé tuntun tí ẹnìkan wá gbẹ́ ilẹ̀ fún láìbéèrè. Ẹ ya máàpù ibi tí àwọ̀n wà sára pátákó ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú bó ṣe jìn tó, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́, sí ọwọ́ baálẹ̀, àti sí ìjọba ìbílẹ̀.